Ẹ̀sán Tí Mo Kà ní Ibodè Ìpèlé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń pariwo. Ọmọ mi kan ṣoṣo, Fúnmiláyọ̀, kò bá mi jẹun pọ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Bí mo bá wọ pálọ̀, á bọ́ sí yàrá. Bí mo bá tẹ̀ lé e wọ yàrá, á rántí pé aṣọ òun wà lórí okùn níta. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, ó sì ti rí ọkùnrin gidi tó fẹ́ fẹ́ ẹ, ọkùnrin tí kì í mu sìgá, tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fà á lọ, èmi ìyá tó bí i ni mo wá fi ẹnu ara mi ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Mi ò bú ẹnikẹ́ni o. Mi ò jà, mi ò sì ṣépè. Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe ni pé mo ka nǹkan, mo sì kà á dé orí ẹ̀sán. Ṣé ẹ ti gbọ́ irú ẹ̀ rí, kí ìṣirò tú ìgbéyàwó ká?

Tíṣà ni mí. Ìṣirò ni mo kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Èmùrè-Ilé títí irun mi fi funfun. Ẹni tó bá gba ọwọ́ mi kọjá, ìlọ́po méjìlá kò ní í ṣòro fún un láéláé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí inú máa bí i bó bá ti gbọ́ orúkọ mi. Nígbà tí mo fẹ̀yìntì, mo rò pé màá sinmi. Ìsinmi wo? Kí oṣù kan tó pé, mo ti ka gbogbo páànù orí ilé wa, mo ti ka àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì ní lílọ àti ní bíbọ̀, mo sì ń ka ewúrẹ́ àwọn ará ilé kejì láràárọ̀ títí ẹni tó ni ín fi bi mí pé, “Màmá, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni?” Mo mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ, ìyá mi kọ́ mi. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé kí n má ka ewúrẹ́?

Bí mo ṣe wà nìyẹn tí ọkùnrin kan fi wá mi wá sílé. Òun ló gba iṣẹ́ owó ibodè àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ní ojú ọ̀nà tó gba Ìpèlé lọ sí Ìdóàní. Ọkọ̀ kékeré kì í san nǹkan kan níbẹ̀, àwọn lọ́rì àti tírélà tó ń fọ́ títì nìkan ló ń san án, iye táyà tó bá sì wà lábẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n fi ń díwọ̀n ohun tí yóò san. Ọkùnrin náà ní àwọn awakọ̀ ti sọ òun di ọ̀bọ. Oní-táyà-mẹ́wàá á dúró sí ẹ̀yìn igbó, á yọ táyà kan, á jù ú sórí ẹrù, á wá dé ibodè á ní mẹ́sàn-án ni tòun, òun kì í ṣe ẹgbẹ́ oní-mẹ́wàá. Bó bá kọjá tán, á tún dè é padà. Ọkùnrin náà ní ẹni tí kò lè ṣi nǹkan kà lòun ń wá, wọ́n sì ní ní gbogbo agbègbè Ọ̀wọ̀, kò sí méjì mi. Ẹ gbọ́, orí mi wú. Mi ò tiẹ̀ béèrè iye tí wọ́n máa san fún mi kí n tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tó ń dán yanran náà wò nínú dígí.

Ibodè wa kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Àgbá méjì, ọparun gbọọrọ kan tí a fi dábùú títì, àti bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi. Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ni Sàlámì, ọmọ àárín ìlú Ọ̀wọ̀, tó ti fi ogún ọdún ṣe iṣẹ́ àwọn tó ń lẹ táyà kó tó di pé ó wá bá wa. Òun ló ń mú pákó ìṣó dání, ìyẹn pákó tí a kan ìṣó márùn-ún sí lórí, tí a fi ń dá ọkọ̀ tó bá fẹ́ sá dúró. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan bóyá kò dùn ún pé òun tó ń lẹ táyà tẹ́lẹ̀ ló wá ń lu ú. Ó ní, “Tíṣà, dókítà náà kì í gúnni lábẹ́rẹ́ ni?” Èèyàn dáadáa ni Sàlámì, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í wá ọ̀rọ̀ tì.

Mo mú iṣẹ́ náà bí mo ṣe mú kíláàsì. Páálí ṣọ́ọ̀kì mi wà lápò. Bí lọ́rì bá dúró, màá bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, màá fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí táyà kọ̀ọ̀kan, màá sì máa kà á sókè kí gbogbo ayé gbọ́: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Kò pẹ́ tí àwọn awakọ̀ fi sọ mí ní Ìyá Katáyà. Wọ́n gbìyànjú gbogbo ọgbọ́n lọ́wọ́ mi. Ọ̀kan wà tó fi ewé gbágùúdá bo táyà méjì. Òmíràn ní táyà tó wà lápá inú lára àwọn méjì tó so pọ̀ lẹ́yìn, ìyàwó ni, àti pé ọkọ ló ń san owó orí. Mo ní kí òun àti ìyàwó náà jọ san án. Mo wá gbé òfin méjì kalẹ̀. Èkíní, táyà tó bá kan ilẹ̀ ni táyà; èyí tí kò bá kan ilẹ̀, ẹrù ni, kí ẹnikẹ́ni má fi táyà sípíà yọ mí lẹ́nu, ọkọ̀ tí tirẹ̀ lórí ilẹ̀ bá sì dín yóò san owó pípé pẹ̀lú ìtanràn. Èkejì, bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ tí kò dẹ eré, kí Sàlámì ka ení dé àrún, bí kò bá sì tíì dúró lórí àrún, kó ju pákó ìṣó sílẹ̀. Ẹ rántí òfin méjèèjì yìí o, àwọn ló padà wá fi mí jófin.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, lọ́rì kan tó kó pákó dé láti ọ̀nà Ìdóàní. Wọ́n kọ “Sùúrù Lérè” sí iwájú rẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan ló wà á fúnra rẹ̀, bùbá rẹ̀ mọ́, fìlà rẹ̀ gún, sálúbàtà rọ́bà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó rọra sọ̀kalẹ̀, ó kí mi dáadáa, ó ní, “Màmá, oní-táyà-mẹ́wàá ni ọkọ̀ mi. Ẹ kọ mẹ́wàá sí i, màá san án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ kà á.”

Ẹ má wulẹ̀ kà á! Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́! Ṣé ohun tí wọ́n ń sọ fún tíṣà ìṣirò nìyẹn? Ní ọgbọ̀n ọdún ó lé tí mo fi ṣiṣẹ́, ọmọ tó bá ní kí n má wo ìwé òun, ìwé tirẹ̀ gan-an ni mo kọ́kọ́ ń ṣí. Mo fa ṣọ́ọ̀kì yọ. Mo bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, mo yí i po, nígbà tí mo dé ẹ̀yìn lápá òsì, mo rí i pé ọ̀kan kò sí. Bàbá ní, “Ó bẹ́ ni, Màmá. Òun ló wà lókè yẹn.” Ó nàka sí orí pákó. Ó tún fẹ́ sọ nǹkan míì, mo ní kó dákẹ́. Mo ní táyà tí kò kan ilẹ̀, ẹrù ni. Mo ní àwọn bíi tirẹ̀ la ń wá, àwọn tó ń yọ táyà nínú igbó, àti pé yóò san ti mẹ́wàá, yóò sì san owó ìtanràn lé e.

Àwọn èèyàn ti ń péjọ nígbà náà. Àwọn obìnrin tó ń yan gààrí lẹ́bàá títì dìde, àwọn ọlọ́kadà dúró, awakọ̀ tírélà méjì tó wà lẹ́yìn sọ̀kalẹ̀ wá wòran. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyí, mi ò ní í purọ́ fún yín: bí mo bá ti rí èèyàn tó pọ̀ tó ìdajì kíláàsì, ara mi kì í gbà á mọ́. Mo gbé ohùn sókè. Mo ní, “Ẹ bá mi kà á!” Wọ́n sì bá mi kà á. Ení, èjì, ẹ̀ta, títí a fi dé ẹ̀jọ, títí a fi dé ẹ̀sán. Mo ní, “Mélòó ló yẹ kó jẹ́?” Wọ́n ní, “Mẹ́wàá!” Mo ní, “Mélòó la rí?” Wọ́n ní, “Mẹ́sàn-án!” Mo wá na ṣọ́ọ̀kì sí bàbá arúgbó yìí bí ẹni ń na pàṣán sí ọmọ iléèwé, mo ní, “Ta ló jẹ ìkẹwàá?”

Ẹ̀rín tó bẹ́ sílẹ̀ pọ̀ ju àwàdà náà lọ. Ọlọ́kadà kan jókòó sílẹ̀. Obìnrin kan fi ìborùn bo ojú. Èmi rò pé èmi ni mo pa wọ́n lẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀, ó dùn mọ́ mi débi pé mo tún un bi lẹ́ẹ̀kejì: “Ta ló jẹ ìkẹwàá?” Bàbá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó san gbogbo ohun tí mo ní kó san, ó gba tíkẹ́ẹ̀tì, ó gun ọkọ̀ rẹ̀. Ó wá yọjú lójú fèrèsé, ó wò mí, ó ní, “Màmá, ẹ ti ka ẹ̀sán tán. Ó ku ẹ̀san.”

Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo rò pé ó ṣi ohùn lò ni. Mo tún un ṣe fún un! Mo ní, “Ẹ̀sán ni, sà. Kì í ṣe ẹ̀san. Ẹ gbé e sókè níparí.” Ó mi orí, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Lára àwa yòókù, Sàlámì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí èrò tú ká, ó bi mí bóyá mo wo ẹsẹ̀ bàbá yẹn. Mo ní kí ló kàn mí kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣebí ẹsẹ̀ lọ́rì ni mo ń kà. Ó ní, “Tíṣà, ìka mẹ́rin ló wà ní ẹsẹ̀ ọ̀tún bàbá yẹn. Ọmọńdinrín ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹ wá ní kí gbogbo ayé bá yín ka ẹ̀sán, ẹ tún ní ta ló jẹ ìkẹwàá.” Áà! A kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á, òwe tí mo ti ka sétí àìmọye ọmọ nìyẹn, èmi ni mo wá lọ fi ṣọ́ọ̀kì kà á, tí mo fi agbo èèyàn gbè é lẹ́sẹ̀. Mo wo ojú ọ̀nà, ọkọ̀ ti lọ. Báwo ni arúgbó ṣe ń sáré lé lọ́rì? Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo bẹ Ọlọ́run, mo sì tu ara mi nínú pé Ọ̀wọ̀ tóbi, agbègbè Ọ̀sẹ́ náà fẹ̀, ibo ni mo ti tún fẹ́ rí i?

Ẹ̀yin náà ti mọ ibi tí mo ti tún rí i.

Fúnmi ti ń sọ fún mi nípa Dàpọ̀ látìgbà tó ti pẹ́. Mo ti rí ọmọ náà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí mo béèrè iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń ṣe, ó ní ó ń ṣòwò pákó ní Ìdóàní. Ọkàn mi kò tiẹ̀ sọ nǹkan kan sí mi. Pákó mélòó ló wà láyé yìí? Wọ́n dá ọjọ́ Sátidé kan, pé wọ́n ń bọ̀ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, àwọn èèyàn díẹ̀, kò sí ariwo. Mo gún iyán, mo se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ti dolóògbé, Bàbá Àgbà, ló wá jókòó láti gba àlejò. Láti ìgbà ayé ọkọ mi, òfin ilé wa ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ bàtà tẹ kápẹ́ẹ̀tì, ẹnu ọ̀nà ni gbogbo bàtà ń dúró sí. Mo gbọ́ pé àlejò ti jókòó, mo nu ọwọ́, mo jáde láti ilé ìdáná, mo wọlé, mo sì kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyá ìyàwó láti kí àwọn àna mi.

Ẹni tó bá kúnlẹ̀, tó tẹrí ba, kí lójú rẹ̀ ń rí? Ẹsẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ àwọn àna mi tò lórí kápẹ́ẹ̀tì bí táyà. Ọlọ́run jẹ́ ẹlẹ́rìí mi, mi ò fẹ́ kà á. Ojú mi ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́, mẹ́wàá. Ẹnìkejì, mẹ́wàá. Mo ti ya ẹnu láti sọ pé, “Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin àna wa,” nígbà tí ojú mi dé orí ẹnìkẹta. Ohun tó sì jáde lẹ́nu mi, ketekete, pẹ̀lú ohùn tí mo fi ń kọ́ kíláàsì, ni, “Ẹ kú ẹ̀sán o, ẹ̀yin àna wa.”

Bàbá Àgbà wúkọ́. Ìyàwó ẹnìkẹta náà fẹ́ dáhùn, kò mọ ohun tí wọ́n fi ń dá irú ìkíni bẹ́ẹ̀ lóhùn. Mi ò lè gbójú sókè. Mo rí i tí ẹsẹ̀ náà ká ara rẹ̀ wọlé sábẹ́ àga díẹ̀díẹ̀, bí ọmọdé tó ń sá pamọ́, ìyẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Bàbá onílọ́rì pákó náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò mí lójú. Ó ní, “Ìyá Katáyà!”

Ó dìde. Kò pariwo, kò sì bú mi. Ó sọ fún Bàbá Àgbà pé, “Ẹ má bínú, sà. Ilé tí wọ́n ti ń ka èèyàn, ọmọ mi kò ní í mú ìyàwó níbẹ̀. Bí wọ́n bá bímọ, ṣé wọn ò ní í kà wọ́n ni?” Ó lọ wọ sálúbàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Dàpọ̀ dúró láàárín pálọ̀, kò mọ ẹni tí yóò tẹ̀ lé, kó tó sáré bá bàbá rẹ̀. Wọ́n ní iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́. Iyán ọjọ́ náà kò tíì pé wákàtí kan tó fi jó mi dé ọkàn. Fúnmi wò mí. Omi ń dà lójú rẹ̀, ó ní, “Màámi! Nínú gbogbo ìkíni tó wà láyé?” Ọjọ́ náà ló ti kọ̀ láti bá mi jẹun.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi àti Bàbá Àgbà gbéra lọ sí Ìdóàní láti lọ bẹ̀bẹ̀. Sàlámì ní òun náà ń bá wa lọ. A ru iṣu, a ru ẹmu, Bàbá Àgbà ti to ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láti ilé. Nígbà tí a wọ inú ọgbà, Bàbá Dàpọ̀ kò jẹ́ kí n kúnlẹ̀ rárá. Ó mú wa lọ síbi tí táyà ńlá kan fara ti ògiri. Ó ní, “Tíṣà, ẹ máa kà á. Ẹ ka ihò ara rẹ̀.” Mo wò ó. Ihò márùn-ún ni, ó tò gbọọrọ, àlàfo wọn dọ́gba bí ẹni fi rúlà wọ̀n ọ́n. Kí n tó lóye, Sàlámì ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyẹ̀pẹ̀.

Ṣé ẹ ti rí i? Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú Ọjọ́bọ̀ yẹn, èmi ti lọ sílé. Bàbá náà ń bọ̀ láti Ọ̀wọ̀ ní tirẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ ṣófo, ó sì ti ń tẹ bíréèkì. Sàlámì ka ení dé àrún gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ, àrún pé, ó ju pákó sílẹ̀. Ó ti bẹ bàbá náà lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, ojú ló wá ń tì í láti sọ fún mi nígbà tí ọkọ̀ náà padà dé ní àárọ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi rẹ́rìn-ín. Ìdí nìyẹn tí ìkẹwàá fi wà lórí ẹrù. Èmi wá dúró ní gbangba, mo ń béèrè ẹni tó jẹ ẹ́, èmi tí mo jẹ ẹ́! Mo ní, “Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi lọ́jọ́ náà?” Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ni? Ẹ̀ ń kọ́ kíláàsì lọ́wọ́.”

Ẹkún tí mo sun, kì í ṣe ẹkún ẹ̀bẹ̀ tí èèyàn ń sun kí wọ́n lè dárí jì í. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi fún mi. Nígbà tí ara mi balẹ̀ ni ọkùnrin náà jókòó tì wá, ó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ́ ni, ó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, nígbà tí jáàkì yẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ nítòsí odò Ọ̀sẹ́. Wọ́n sin ìka náà sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó ní òun ṣì mọ ibẹ̀. Ó ní láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ àdúgbò ti ń kà á tẹ̀ lé òun lẹ́yìn, ení, èjì, ẹ̀ta, títí òun fi di bàbá àwọn ẹlòmíràn. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá ń ka nǹkan nítòsí òun, ì báà ṣe ọsàn, àyà òun á já. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti kọ́ ìṣirò fún ọgbọ̀n ọdún ó lé, mi ò mọ̀ rí pé ó lè máa dun ẹnì kan báyìí.

Bàbá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í na iṣu sí i. Sàlámì sọ sí mi létí, pẹ̀lú ẹnu Ọ̀wọ̀ rẹ̀ tó ń pe owó ní eghó, pé, “Tíṣà, eghó kọ́ ni bàbá yìí fẹ́ o, kì í sì í ṣe iṣu.” Òótọ́ ni. Bàbá Dàpọ̀ ní, “Ní gbangba lẹ ti kà mí dé ẹ̀sán. Ní gbangba náà ni kí ẹ ti kà mí dé ẹ̀wá. Mo ti sá fún kíkà yẹn tó. Ní ọjọ́ ìdána, màá na ẹsẹ̀ mi síta, ẹ ó kúnlẹ̀, ẹ ó sì kà á lójú gbogbo èèyàn, kí ohùn yín ròkè bó ṣe ròkè ní Ìpèlé. Bó bá dé ẹ̀wá, ọmọ yín ti di ọmọ mi. Bó bá dúró lórí ẹ̀sán, kí kálukú gba ilé ẹ̀ lọ.” Bàbá Àgbà ní a gbà. Kò tiẹ̀ wo ojú mi kó tó ní a gbà. Bí a ṣe jókòó sínú ọkọ̀, Sàlámì ní, “Ẹ jẹ́ ká máa lọ ulé.” Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe lọ sílé.

Ẹ wá wò mí báyìí. Mo ti dá ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn padà, Sàlámì sì ti fi pákó ìṣó dáná. Ìṣòro mi kù síbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò tíì fi iye purọ́ rí. Mo bi olùṣọ́ àgùntàn wa, ó ní irọ́ ni irọ́ ń jẹ́, ṣùgbọ́n ó tún ní kí n má ba ìgbéyàwó jẹ́. Bàbá Àgbà ní kí n ka ẹ̀jọ lẹ́ẹ̀mejì kí n sì máa lọ, pé ta ló ń fetí sílẹ̀. Èmi! Èmi ni mò ń fetí sílẹ̀! Ọmọ tó bá ka ẹ̀jọ lẹ́ẹ̀mejì lójú mi ní kíláàsì, kíkúnlẹ̀ ni yóò kúnlẹ̀. Èmi náà á sì ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kí n tó ṣe é. Mo to ẹ̀pà mẹ́sàn-án sórí tábìlì láti fi dánra wò. Bí mo bá dé ẹ̀sán, ẹnu mi á dákẹ́ fúnra rẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì tí epo tán nínú rẹ̀. Mo jẹ ẹ̀pà náà tán.

Àná ni Sàlámì wá kí mi níbi tí mo ti ń jẹun. Ó jókòó, ó mu omi, ó ní, “Tíṣà, táyà wo ni táyà?” Mo ní, ṣé ó fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Ó ní kí n ṣáà dáhùn. Mo ní, “Táyà tó bá kan ilẹ̀.” Ó ní, “Ìka bàbá yẹn tí wọ́n sin ńkọ́? Kò kan ilẹ̀ ni?”

Mo gbé e yẹ̀wò láti iwájú, mo yí i po láti ẹ̀yìn, bí mo ṣe ń yí lọ́rì po. Òfin mi ni, èmi ni mo gbé e kalẹ̀. Mẹ́sàn-án yòókù kàn ń tẹ ilẹ̀ lásán ni, ìka yẹn nìkan ló ń gbé inú rẹ̀. Bí ó bá di ọjọ́ náà, màá kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan dé ẹ̀sán, màá wá dojú bolẹ̀, màá fi àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì kan ilẹ̀ níwájú rẹ̀, màá sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo ilé gbọ́: ẹ̀wá. Irọ́ kọ́ ni, àbí irọ́ ni? Mo gbọ́ ẹ̀rín láti inú yàrá. Fúnmi ló wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ó ti ń gbọ́ wa látìgbà náà. Ó jáde, ó jókòó, ó sì fọwọ́ bọ inú àwo mi.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Bí ó bá bínú ńkọ́, pé mo tún rán òun létí ohun tí wọ́n sin? Bí ohùn mi bá gbọ̀n lórí ẹ̀sán, tí mi ò sì lè tẹ̀ síwájú? Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ọmọ fọ́kọ, ẹ̀yin tí ẹ ti bẹ èèyàn rí tí ó gbà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n ṣe é bẹ́ẹ̀, àbí ọ̀nà míì wà? Ẹ̀yin tí ẹnu yín sì yá bíi tèmi, kí ẹ tó ní kí èrò bá yín ka ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ ẹni tó dúró níwájú yín. Ìdána ti sún mọ́ o, ẹ tètè dá mi lóhùn. Ẹ má sì bi mí pé ó ku ọjọ́ mélòó. Mi ò ka nǹkan kan mọ́.